Àmì Ohùn Yorùbá Lórí Kọ̀ǹpútà àti Àwọn Sọ́fítíwíà Orísun-Ṣíṣí Tí Ó Gbé E Ró

Unicode ni àkọsílẹ̀ àgbáyé tí ó fún lẹ́tà àwọn èdè ayé ní nọ́ńbà ìdánimọ̀ lórí kọ̀ǹpútà. Nínú rẹ̀, é tí àwọn Faransé ń lò ní nọ́ńbà tirẹ̀, U+00E9. Ẹ tí kò ní àmì ohùn lórí náà ní tirẹ̀, U+1EB9. Ṣùgbọ́n ẹ́, bí ó ṣe wà ní ìparí ọ̀rọ̀ náà "alẹ́", kò ní nọ́ńbà kankan. Ẹ̀, ọ́ àti ọ̀ kò ní pẹ̀lú. Kọ̀ǹpútà ní láti mú nǹkan méjì, ẹ àti àmì ohùn òkè tí nọ́ńbà rẹ̀ jẹ́ U+0301, kí ó sì gbé ìkejì lé orí èkíní ní ibi tí ó yẹ gẹ́lẹ́. Bí kò bá rí i ṣe dáadáa, àmì náà lè yẹ̀ sí ẹ̀gbẹ́, ó lè gun orí lẹ́tà tí ó tẹ̀ lé e, àpótí òfìfo kékeré kan sì lè rọ́pò rẹ̀. Àwọn tí ó ti fi iṣẹ́ àpilẹ̀kọ Yorùbá ránṣẹ́ sí òǹtẹ̀wé rí mọ ìyà yìí dáadáa.

Iṣẹ́ gbígbé àmì sórí lẹ́tà yìí kò sí lọ́wọ́ yunifásítì tàbí ìjọba kankan ní ilẹ̀ Yorùbá. Ọwọ́ àwọn àkójọ kóòdù díẹ̀ ni ó wà, irú èyí tí àwọn tí ń kọ ètò kọ̀ǹpútà máa ń yá wọ inú iṣẹ́ tiwọn kí wọ́n má baà bẹ̀rẹ̀ láti ìpìlẹ̀. Púpọ̀ nínú wọn jẹ́ sọ́fítíwíà orísun-ṣíṣí: kóòdù tí a fi kọ wọ́n wà ní gbangba, ìwé àṣẹ tí ó bá wọn rìn sì gba ẹnikẹ́ni láàyè láti kà á, láti lò ó, láti tún un ṣe àti láti pín in kiri. Nígbà tí àwọn onímọ̀ bá ń sọ ìtàn àkọtọ́ Yorùbá, ọdún 1974 ni wọ́n sábà máa ń dúró sí, bí ẹni pé ọ̀rọ̀ ti parí níbẹ̀. Kò parí. Láti ìgbà náà ni a ti ṣe ọ̀pọ̀ ìpinnu tí ó kan ojú ìwé Yorùbá ní òkè òkun, láti ọwọ́ àwọn ènìyàn tí ọ̀rọ̀ èdè mìíràn jẹ lógún, Yorùbá sì bá wọn jẹ nínú èrè iṣẹ́ náà nítorí pé wọn kò ti ilẹ̀kùn rẹ̀.

Àmì abẹ́ lẹ́tà kì í ṣe ohun àná. Samuel Àjàyí Crowther tẹ ìwé atúmọ̀ èdè rẹ̀ àkọ́kọ́ jáde ní 1843. Ní 1855, onímọ̀ ará Jámánì nì, Carl Richard Lepsius, gbé ìwé kan jáde lórí álífábẹ́ẹ̀tì kan ṣoṣo tí ó lè sin gbogbo èdè, èrò rẹ̀ sì wọ inú iṣẹ́ àwọn míṣọ́nnárì CMS. Ìpàdé tí wọ́n ṣe ní Èkó ní 1875 jíròrò bí a ó ṣe máa kọ Yorùbá. Ayọ̀ Bámgbóṣé yẹ gbogbo ọ̀rọ̀ náà wò lẹ́ẹ̀kan sí i nínú ìwé rẹ̀ Yoruba Orthography ní 1965, ìgbìmọ̀ tí ìjọba Ìwọ̀-Oòrùn Nàìjíríà gbé kalẹ̀ ní 1966 ṣiṣẹ́ lórí rẹ̀, títí tí àkọtọ́ òde òní fi gba àṣẹ ní 1974. Kò sí èyí tí ó ronú nípa kọ̀ǹpútà nínú àwọn ìpinnu wọ̀nyí, kò sì yẹ kí wọ́n rò ó. Ní ilé ìtẹ̀wé, ẹni tí ń to lẹ́tà irin lè ní kí wọ́n rọ ẹ tàbí ọ fún òun. Ẹni tí ó ń lo tapuráítà yóò tẹ ọ̀rọ̀ rẹ̀ tán, yóò sì fi báírò fa àmì sí i lókè àti nísàlẹ̀. Ọwọ́ ènìyàn ni ó ń parí iṣẹ́ tí ẹ̀rọ kò lè ṣe.

Kọ̀ǹpútà kò fi àyè báírò sílẹ̀. Ohun tí kò bá ní nọ́ńbà kò sí fún un. ASCII, ètò nọ́ńbà tí wọ́n gbé kalẹ̀ ní Amẹ́ríkà ní 1963, ní àyè 128 péré, èdè Gẹ̀ẹ́sì nìkan ni ó sì rò. ISO 8859-1, tí ó jáde ní 1987, fẹ àyè náà dé 256, ó sì gba àwọn èdè ìwọ̀-oòrùn Yúróòpù wọlé: é, è, à, ò wà níbẹ̀. Ẹ, ọ àti ṣ kò sí. Ọgbọ́n tí àwọn ènìyàn dá ni pé wọ́n ṣe fọ́ńtì tí ó ń purọ́: ibi tí kọ̀ǹpútà ti mọ̀ pé àmì owó tàbí lẹ́tà ilẹ̀ mìíràn wà, fọ́ńtì náà yóò ya ọ̀ sí i. Lójú ẹni tí ó tẹ̀ ẹ́, ọ̀rọ̀ ti pé. Bí fáìlì náà bá dé orí kọ̀ǹpútà mìíràn tí fọ́ńtì ọ̀hún kò sí, gbogbo rẹ̀ yóò di wótowòto, nítorí pé àwòrán ni fọ́ńtì náà yí padà, nọ́ńbà tí ó wà lábẹ́ rẹ̀ kò yí. Fáìlì tí a fi irú fọ́ńtì bẹ́ẹ̀ tẹ̀ kò ṣeé kà lónìí àfi kí ẹnìkan jókòó tì í kí ó tú u lẹ́tà kan lẹ́yìn òmíràn. Àdánù yìí tóbi ju bí a ti ń sọ ọ́ lọ, nítorí pé àkókò náà gan-an ni ọ̀pọ̀ iṣẹ́ ìwádìí Yorùbá bọ́ láti orí tapuráítà sórí kọ̀ǹpútà.

Ẹ̀dà Unicode àkọ́kọ́ jáde ní 1991. Ẹni tí ó bá ṣí àtẹ rẹ̀ lónìí yóò rí ẹ àti ọ lábẹ́ àkọlé kan tí ó sọ pé àwọn lẹ́tà àfikún fún èdè Vietnam ni wọ́n. Ní èdè Vietnam, àmì tí ó wà lábẹ́ lẹ́tà jẹ́ àmì ohùn, ọ̀kan nínú àwọn ohùn èdè náà ni ó sì dúró fún. Àmì é náà jẹ́ àmì ohùn lọ́dọ̀ wọn, ohùn mìíràn ni. Sílébù kan kò lè ru ohùn méjì lẹ́ẹ̀kan náà. Nítorí náà kò sí ohun tí ẹni tí ń kọ èdè Vietnam yóò fi ẹ́ ṣe, kò sì sí ìdí tí wọn ì bá fi béèrè nọ́ńbà fún un. Ní Yorùbá, àmì abẹ́ ń yà fáwẹ̀lì kan sọ́tọ̀ kúrò lára òmíràn, àmì òkè ni ó ń sọ ohùn, méjèèjì sì gbọ́dọ̀ wà pọ̀. Ní ti ṣ, inú ọ̀wọ́ àwọn lẹ́tà Látìnì fún ìlò gbogbogbòò ni ó wà; ó ti pẹ́ tí àwọn onímọ̀ ti ń fi í kọ ìró Lárúbáwá àti ti Sanskrit ní lẹ́tà Látìnì. Ẹ̀wù àgbàwọ̀ ni Yorùbá wọ̀ dé orí kọ̀ǹpútà, ibi tí kò ti bá ara mu gan-an ni ibi tí ohùn àti fáwẹ̀lì ti pàdé.

Ṣé a kò lè béèrè nọ́ńbà tuntun fún ẹ́ ni? Ọ̀nà náà ti dí. Láti ẹ̀dà 3.1 ní 2001 ni Unicode ti dáàbò bo bí a ṣe ń so lẹ́tà àti àmì pọ̀, kí ìwé tí a ti kọ sílẹ̀ má baà yí ìtumọ̀ padà lọ́la. Lẹ́tà tí a bá ti lè fi àmì tí ó wà nílẹ̀ kọ kì í gba nọ́ńbà tirẹ̀ mọ́. Ìpinnu náà bọ́gbọ́n mu, ṣùgbọ́n àwọn èdè tí kò tètè dé ni ó san owó rẹ̀.

Ohun tí ó tẹ̀ lé e ṣe pàtàkì fún ẹnikẹ́ni tí ó bá ń wá ọ̀rọ̀ nínú àkójọ ìwé Yorùbá. A lè kọ ọ̀ ní ọ̀nà mẹ́rin lábẹ́lẹ̀: kí a mú ọ kí a fi àmì ohùn ìsàlẹ̀ lé e, kí a mú ò kí a fi àmì abẹ́ sí i, kí a mú o lásán kí a kọ́kọ́ fi àmì abẹ́ sí i kí àmì ohùn tó dé, tàbí kí àmì ohùn ṣáájú. Lójú, ọ̀kan náà ni mẹ́rẹ̀ẹ̀rin. Ọ̀rọ̀ náà "ọ̀rọ̀" ní ọ̀ méjì, nítorí náà ọ̀nà 16 ni ó wà tí a lè gbà kọ ọ́ tí ojú kò fi ní rí ìyàtọ̀. Kọ̀ǹpútà tí a kò bá kìlọ̀ fún yóò kà wọ́n sí ọ̀rọ̀ 16. Akẹ́kọ̀ọ́ tí ó bá wá "ọ̀rọ̀" nínú ìwé ìròyìn tí ó tó ẹgbẹ̀rún, tí ó sì rí i ní ìgbà díẹ̀, lè kọ ọ́ sílẹ̀ pé ọ̀rọ̀ náà kò wọ́pọ̀, kí ó sì dá èrò lé e lórí. Unicode ti ṣe òfin tí ó ń sọ mẹ́rẹ̀ẹ̀rin di ọ̀kan. Àwọn àkójọ kóòdù ọ̀fẹ́ bíi ICU, tí IBM sọ di orísun-ṣíṣí ní 1999 tí ó sì bọ́ sábẹ́ àbójútó Unicode fúnra rẹ̀ ní 2016, ti sọ òfin náà di ohun tí ètò kọ̀ǹpútà lè pè ní ìlà kan. Nínú èdè ìkọ̀wé kọ̀ǹpútà tí ń jẹ́ Python, ó wà nínú àpótí irinṣẹ́ tí ó bá a wá láti ilé. Ẹni tí ó bá gbójú fo ìlà kan yìí ń ka àwọn ọ̀rọ̀ Yorùbá pẹ̀lú ojú kan ṣoṣo.

Kí a tó dé ọ̀dọ̀ àwọn irinṣẹ́ tí ń ya lẹ́tà náà sójú, ó yẹ kí a mẹ́nu ba ibi tí àṣà ìṣísílẹ̀ yìí ti wá. Ní oṣù Kẹsàn-án 1983, Richard Stallman, tí ó ń ṣiṣẹ́ ní MIT ní Amẹ́ríkà, kéde iṣẹ́ GNU: òun yóò kọ ètò kọ̀ǹpútà odidi kan tí gbogbo ènìyàn lè lò kí wọ́n sì tún ṣe. Ìwé àṣẹ GPL jáde ní 1989. Linus Torvalds gbé Linux jáde ní Finland ní 1991. Orúkọ náà "open source" sì bẹ̀rẹ̀ sí í tàn kálẹ̀ ní 1998. Ọ̀pọ̀ ìwé ti sọ ìtàn yìí. Ohun tí ó kan Yorùbá níbẹ̀ ni ọ̀rọ̀ òfin: ilé-iṣẹ́ tí ń ta sọ́fítíwíà ń wo iye oníbàárà kí ó tó fi èdè kan sí i, ṣùgbọ́n níbi tí kóòdù bá wà ní gbangba, ẹni kan ṣoṣo tí èdè rẹ̀ ń dùn ún lè bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ láìgba ìyọ̀ǹda.

Irú ẹni bẹ́ẹ̀ ni Behdad Esfahbod. Ọmọ Ìránì ni, ó sì kàwé ní Toronto ní Kánádà. Lẹ́tà Páṣíà máa ń so mọ́ra, ìrísí lẹ́tà kan sì ń yí padà gẹ́gẹ́ bí ó bá wà ní ìbẹ̀rẹ̀, àárín tàbí ìparí ọ̀rọ̀. Kọ̀ǹpútà tí ó ń to lẹ́tà bí ẹní ń to bíríkì kò lè kọ ọ́. Ṣáájú rẹ̀, David Turner ti bẹ̀rẹ̀ FreeType ní 1996, àkójọ kóòdù tí ń mú àwòrán lẹ́tà láti inú fọ́ńtì wá sójú. Kóòdù kékeré kan wà nínú FreeType tí ń bójú tó bí lẹ́tà ṣe ń bára wọn gbé. Àwọn tí ń kọ Pango àti Qt ti mú un, olúkúlùkù sì ti tún un ṣe lọ́nà tirẹ̀. Ní nǹkan bí 2006 ni wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í so àwọn ẹ̀yà náà pọ̀ padà, Esfahbod sì tún gbogbo rẹ̀ kọ láti ìbẹ̀rẹ̀ lẹ́yìn náà. HarfBuzz ni orúkọ rẹ̀. Ẹni tí ó bá ti jókòó ní ilé kéwú yóò dá apá èkíní orúkọ náà mọ̀: harf, lẹ́tà, tí àwọn ará Páṣíà yá lọ́wọ́ Lárúbáwá. Bāz ní èdè wọn ni "ṣíṣí sílẹ̀". Orúkọ ìlànà fọ́ńtì OpenType ni ó fi ṣeré.

Ohun tí HarfBuzz ń ṣe fún "alẹ́" kò yàtọ̀ sí ohun tí ó ń ṣe fún èdè Páṣíà. Ó gba ọ̀wọ́ nọ́ńbà. Ó wò ó bóyá fọ́ńtì ní àwòrán odidi fún wọn. Bí kò bá ní, ó tú wọn sí wẹ́wẹ́ tàbí kí ó so wọ́n pọ̀ ní ọ̀nà tí fọ́ńtì náà lè gbà. Lẹ́yìn èyí, ó wá ojúùwọ̀n tí ẹni tí ó ya fọ́ńtì fi pamọ́ sórí lẹ́tà àti sábẹ́ àmì, ó sì fi ìkan kọ́ ìkejì. Bí fọ́ńtì kò bá ní ojúùwọ̀n kankan, HarfBuzz yóò fojú díwọ̀n rẹ̀. Firefox, Chrome, LibreOffice àti Android ni ó ń lò ó. Èyí túmọ̀ sí pé ní ọ̀pọ̀lọpọ̀ ìgbà tí Yorùbá bá hàn lójú fóònù pẹ̀lú àmì rẹ̀, iṣẹ́ tí a bẹ̀rẹ̀ nítorí Páṣíà ni ó gbé àmì náà síbẹ̀.

Bí ẹrù náà ti wúwo tó ni èjìká tí ó gbé e ṣe kéré. Ní oṣù Kẹwàá 2020, wọ́n rí i pé àwọn oníwà-ibi ti ń gba inú àṣìṣe kan nínú FreeType wọ inú Chrome. Àtúnṣe ní láti jáde kíákíá, ẹ̀dà 2.10.4 sì jáde ní oṣù náà. Àwọn ènìyàn díẹ̀ ni ó ń bójú tó FreeType, Werner Lemberg wà lára wọn láti ọdún pípẹ́, nígbà tí àwọn tí ń lò ó láìmọ̀ orúkọ rẹ̀ pọ̀ ju ohun tí ó ṣeé kà lọ. Ó jọ ohun ìyàlẹ́nu pé ọ̀pọ̀ ìwádìí lórí ọjọ́ iwájú èdè Yorùbá ń ka ìjọba, ilé-ìwé àti òbí, tí kò sì ka irú ibi yìí.

Fọ́ńtì náà nílò ìṣísílẹ̀ tirẹ̀. Láti 2005 ni SIL ti gbé ìwé àṣẹ kan kalẹ̀ fún fọ́ńtì nìkan, Gentium, tí Victor Gaultney yà, sì wà lára àwọn fọ́ńtì tí ó jáde lábẹ́ rẹ̀. Ìyàtọ̀ rẹ̀ hàn nígbà tí a bá kọ lẹ́tà ńlá: Ẹ́ àti Ọ̀ ga, fọ́ńtì tí kò bá fi ojúùwọ̀n sí wọn lórí yóò jẹ́ kí àmì ohùn wọ inú lẹ́tà lọ. Ìtàn àwọn irinṣẹ́ yòókù kò gùn. Keyman, tí ń jẹ́ kí kíbọ́ọ̀dù tẹ lẹ́tà tí kò sí lójú rẹ̀, ni Marc Durdin bẹ̀rẹ̀ ní 1993 nítorí èdè Lao. SIL rà á ní 2015, ó sì sọ ọ́ di orísun-ṣíṣí lẹ́yìn náà. Hunspell, tí ń yẹ sípẹ́lì wò nínú LibreOffice àti Firefox, ni László Németh kọ́ fún èdè Húngárì, èdè tí ọ̀rọ̀ rẹ̀ máa ń gba àfòmọ́ lórí àfòmọ́. Ẹ̀rọ Hunspell ọ̀fẹ́ ni, àmọ́ ẹ̀rọ lásán ni láìsí àkójọ ọ̀rọ̀, ará Húngárì kò sì lè to ọ̀rọ̀ Yorùbá jọ fún Yorùbá. Níhìn-ín ni ohun tí a lè yá parí sí.

Àwọn ọmọ Yorùbá kan ti gba iṣẹ́ náà láti ibẹ̀. Ní 2018, Iroko Orife gbé ìwádìí kan jáde lórí bí kọ̀ǹpútà ṣe lè dá àmì padà sórí ìwé Yorùbá tí a kọ láìní àmì, kí ó lè mọ ìgbà tí "oko" jẹ́ oko, ọkọ, ọkọ́ tàbí ọkọ̀. Ó fojú wo ìwé aláìlámì bí èdè kan, ó wo ìwé alámì bí èdè kejì, ó sì lo OpenNMT, irinṣẹ́ orísun-ṣíṣí tí a ṣe fún ìtumọ̀ láti èdè kan sí òmíràn. Ó fi kóòdù tirẹ̀ sí gbangba. Ní 2021, David Adélaní àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ gbé MENYO-20k jáde, àkójọ gbólóhùn Yorùbá àti Gẹ̀ẹ́sì fún ìwádìí ìtumọ̀. Kọ́lá Túbọ̀sún àti àwọn tí ó bá a ṣiṣẹ́ kọ́ YorubaName, ìwé atúmọ̀ orúkọ Yorùbá lórí íntánẹ́ẹ̀tì. Ẹ̀yà iṣẹ́ yìí yàtọ̀ sí ti ìṣáájú: nígbà tí àwọn tí ó kọ́ HarfBuzz ń wá ibi tí àmì yóò dúró, àwọn wọ̀nyí ń béèrè àmì tí ó yẹ kí ó wà níbẹ̀, ìbéèrè tí ẹni tí kò gbọ́ Yorùbá kò lè dáhùn.

Ìbéèrè kan ṣì wà tí irinṣẹ́ kò lè yanjú. Ọ̀pọ̀ ìwé Yorùbá àtijọ́ kò lo ààmì tó-tò sábẹ́ lẹ́tà. Ìlà kékeré tí ó dúró ṣánṣán ni wọ́n lò, àwọn kan sì fẹ́ràn rẹ̀ títí di òní. Fún Unicode, ìlà náà jẹ́ U+0329, ààmì tó-tò sì jẹ́ U+0323, òfin tí ń sọ onírúurú ìkọ di ọ̀kan kò sì fọwọ́ kàn wọ́n: ọ tí ó ní ìlà àti ọ tí ó ní tó-tò jẹ́ lẹ́tà méjì títí láé. Àkọsílẹ̀ kan wà nínú Unicode tí ó fún ẹ onílà, ọ onílà àti ṣ onílà ní orúkọ, pẹ̀lú àwọn tí ó ru àmì ohùn, ṣùgbọ́n orúkọ ni wọ́n gbà, wọn kò gba nọ́ńbà. Ẹni tí ó bá fẹ́ pa ìwé onílà àti ìwé oní-tó-tò pọ̀ sínú àkójọ kan gbọ́dọ̀ fúnra rẹ̀ pinnu èyí tí yóò di èkejì.

Ní ilẹ̀ Bẹ̀nẹ̀, kò sí ìlà, kò sí tó-tò. Ɛ àti ɔ ni wọ́n ń kọ níbẹ̀, sh ni wọ́n sì ń kọ dípò ṣ. CLDR, àkójọ ìsọfúnni èdè tí ICU ń kà, tí Unicode sì ń bójú tó, gba méjèèjì: yo fún Nàìjíríà, yo_BJ fún Bẹ̀nẹ̀. Ètò kọ̀ǹpútà tí ó bá béèrè orúkọ ọjọ́ kẹrin nínú ọ̀sẹ̀ lọ́wọ́ fáìlì àkọ́kọ́ yóò gba Ọjọ́rú. Lọ́wọ́ ìkejì, yóò gba Ɔjɔ́rú. Fáìlì méjèèjì wà ní gbangba, bẹ́ẹ̀ sì ni ibi tí a ti ń dábàá àtúnṣe sí wọn tí a sì ń dìbò lé e kí ẹ̀dà tuntun tó jáde.